Ọmọ Tí Kò Ké, Kí Ló Ń Lo Oògùn Sí?

Obì ni mo ń ṣà tà ní Ṣágámù, ojú mi sì máa ń tètè rí ohun tó wọ́. Mò ń bá ọmọ mi obìnrin fa síìpù aṣọ ilé ìwé rẹ̀ ni mo rí i pé èjìká ọ̀tún ga ju tòsì lọ. Fọ́tò X-ray fi hàn pé eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ti lọ́. Scoliosis ni àwọn dókítà ń pè é. Tí títẹ̀ náà bá ti tó dígírì 10, orúkọ yẹn ló ń jẹ́. Tó bá sún mọ́ 50 lára ọmọ tó ṣì ń dàgbà, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ ni wọ́n máa ń bá òbí sọ. Lára ọ̀pọ̀ ọmọ, ohun tó fà á kò hàn. Kì í ṣe ẹrù orí, ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé ayé ló ṣe é.

Àwọn kan ń gbé ọmọ wọn lọ ṣe iṣẹ́ abẹ náà ní Accra, ní ilé ìwòsàn tí àjọ FOCOS ti Dókítà Oheneba Boachie-Adjei ṣí ní 2012. Èkó la ti ṣe tiwa.

Kì í ṣe awọ ẹ̀yìn nìkan ni wọ́n ń là. Wọ́n á ká iṣan kúrò lára eegun kí wọ́n tó de irin mọ́ ọn, wọ́n á wá to èérún eegun sí i kí gbogbo rẹ̀ lè so di ọ̀kan. Iṣan tí wọ́n ká yẹn ló ń roni jù. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mọfíìnì ni wọ́n ń fún un, nọ́ọ̀sì á sì máa ṣọ́ bó ṣe ń mí, torí oògùn náà lè mú kí mímí falẹ̀.

Ìgbà tá a délé ni iṣẹ́ tèmi bẹ̀rẹ̀. Wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà ni wọ́n ní kí n máa fún un ní parasitamọ́ọ̀lù, ìwọ̀n tí wọ́n kọ sínú ìwé, ì báà ń dùn ún, ì báà má dùn ún. Àǹtí mi àgbà tó wá láti Ìkẹ́nnẹ́ bínú: "Ọmọ tí kò ké, kí ló ń lo oògùn sí?"

Mo ní, "Àǹtí, kó má bàa ké ni, mà."

Ìrora tó bá ti dìde tán, ó ṣòro kó tó rọlẹ̀. Ọmọ á le ara gbagidi, kò ní lè mí kanlẹ̀, kò ní fẹ́ rìn, bẹ́ẹ̀ ìrìn díẹ̀díẹ̀ yẹn gan-an ni ara fi ń bọ̀ sípò. Èmi ò rí ìwà akin kankan nínú kí ọmọ máa pa ìrora mọ́ra. Àǹtí tún gbé òrí àti omi gbígbóná dé láti ra ẹ̀yìn rẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá mi fi òrí náà ra ẹsẹ̀ rẹ̀. Inú ọmọ dùn sí i!

Oògùn tó lágbára ju parasitamọ́ọ̀lù lọ tún wà nínú ìwé náà fún ìwọ̀nba ọjọ́. Láti 2018 tí ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de omi ikọ́ oníkodéènì, ojú olè làwọn kan fi ń wo ẹni tó bá mú ìwé irú oògùn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ má tìtorí ìyẹn fi ìyà jẹ ọmọ. Ẹ lò ó bí dókítà ṣe kọ ọ́, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó dín in kù fúnra rẹ̀. Ó máa ń mú kí ìgbẹ́ le, nítorí náà omi àti ìbẹ́pẹ kò kúrò nílé wa. Ibuprofen àti diclofenac ńkọ́? Ẹ bi dókítà kẹ́ ẹ tó rà á ní kẹ́míìsì, torí àwọn dókítà kan kì í fẹ́ ẹ nígbà tí eegun ṣì ń so.

Tí ọmọ mi bá fẹ́ dìde, ó ń yí gbogbo ara lẹ́ẹ̀kan náà bí ìtì igi, á wá fọwọ́ ti ara rẹ̀ sókè. Ṣùgbọ́n tí ibà bá dé, tí ojú ọgbẹ́ ń sun omi, tí ẹsẹ̀ kú tàbí tí ìtọ̀ kò jáde, kì í ṣe ọ̀rọ̀ oògùn ìrora mọ́. Ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀. Ní Rẹ́mọ níbí, ti Yunifásítì Ọlábísí Ọnábánjọ wà ní Ṣágámù, ti Babcock wà ní Ìlíṣàn.

Ó ti padà sílé ìwé báyìí. Kò tíì gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ gbálẹ̀, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló gba ìgbálẹ̀, ìyẹn sì ń bi mí lójoojúmọ́ pé ìgbà wo ni dókítà máa fọwọ́ sí i fún ẹ̀gbọ́n òun.