Sáńwíìṣì àwọn Júù: ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń ṣe tiẹ̀

Ẹni tó bá dé New York tó ní òun fẹ́ jẹ sáńwíìṣì àwọn Júù, pastrami láàárín búrẹ́dì rye ni wọ́n máa gbé fún un. Ẹran ibẹ̀ máa ń ga débi pé èèyàn á kọ́kọ́ ronú ibi tí òun á ti bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ tó bá kọjá sí ìlú míì, ó lè má dá a mọ̀ mọ́.

Àwọn Júù tó ṣí wá láti Romania ló gbé ọgbọ́n pastrami dé Amẹ́ríkà. Kí fìríìjì tó dé, iyọ̀ àti èéfín ni kì í jẹ́ kí ẹran bàjẹ́, bí àwọn ìyá wa náà ṣe ń yan ẹja. Wọ́n á rẹ ẹran màlúù sínú omi iyọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, wọ́n á fi ata dúdú àti kọriáńdà ra á lára, wọ́n á fi èéfín yan án. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tún fi ooru omi gbígbóná sè é títí tó fi máa rọ̀. Ilé oúnjẹ Katz's ní New York ti wà látọdún 1888.

Ní Montreal, orílẹ̀-èdè Kánádà, "smoked meat" ni wọ́n ń pè é. Ẹran àyà màlúù ni wọ́n ń lò, ata rẹ̀ máa ń ta lẹ́nu, ṣúgà rẹ̀ ò sì tó ti New York. Oníbàárà ló máa sọ bí òun ṣe fẹ́ kí ọ̀rá pọ̀ tó. Schwartz's, tí Júù kan láti Romania dá sílẹ̀ lọ́dún 1928, ṣì ń tà á.

London ò tiẹ̀ lo èéfín rárá. Bíbọ̀ ni wọ́n ń bọ ẹran oníyọ̀ tiwọn, inú beigel ni wọ́n sì ń kì í sí, pẹ̀lú mọ́sítáàdì tó ń ta wọ imú. Brick Lane ló lókìkí jù fún un. Ibẹ̀ ò jìnnà sí Hackney, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ń gbé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni Reuben. Kábéèjì kíkan, wàràkàṣì àti ẹran oníyọ̀ ló wà nínú ẹ̀, wọ́n á wá yan gbogbo ẹ̀ pọ̀. Àwọn ará Omaha ní ọ̀dọ̀ àwọn ló ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ará New York náà ní irọ́ ni. Wọn ò tíì parí ìjà yẹn. Langer's ní Los Angeles náà ń ki wàràkàṣì sí pastrami, nọ́ńbà 19 ni wọ́n ń pe tiwọn.

Òfin ẹ̀sìn Júù ò sì gbà kí ẹran àti wàrà pàdé nínú oúnjẹ kan náà. Torí náà, Júù tó ń pa òfin oúnjẹ mọ́ ò lè fẹnu kan Reuben, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù àwọn Júù ni wọ́n ti ń tà á. Ẹni tó bá fẹ́ ra sáńwíìṣì fún irú àlejò bẹ́ẹ̀, kó má wo orúkọ ṣọ́ọ̀bù nìkan o. "Kosher-style" tí wọ́n kọ sára ògiri kì í ṣe kosher; àmì ìfọwọ́sí àwọn rábì ni kó wò. Níbi tó bá ti jẹ́ kosher lóòótọ́, wọ́n á yọ wàràkàṣì kúrò, tàbí kí wọ́n lo èyí tí kò ní wàrà nínú.