Àwùjọ nínú Ẹsẹ̀ Ifá

Ẹsẹ̀ Ifá jẹ́ ewì alohùn Yorùbá tí àwọn babaláwo máa ń kì nígbà tí wọ́n bá ń dífá. Odù Ifá jẹ́ 256, èyíinì ni ojú odù 16 àti àmúlù odù 240. Odù kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹ̀ púpọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ wọ̀nyí jẹ́ ewì onítàn tó ń fi ìgbé-ayé àwùjọ Yorùbá hàn.

Ìhun

Wándé Abímbọ́lá, onímọ̀ lítíréṣọ̀ Yorùbá, ṣàlàyé pé ẹsẹ̀ Ifá tó pé máa ń ní abala mẹ́jọ: orúkọ babaláwo tó dífá láyé àtijọ́, ẹni tí a dífá fún, ìdí tó fi wá, ẹbọ tí a ní kó rú, bóyá ó rú u tàbí kò rú u, ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, ayọ̀ tàbí àbámọ̀ ẹni náà, àti ẹ̀kọ́ ìparí. Babaláwo kò gbọdọ̀ yí mẹ́ta àkọ́kọ́ àti méjì ìkẹyìn padà, ṣùgbọ́n ó lè fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sọ mẹ́ta àárín.

Àwọn ènìyàn inú ìtàn

Ọba, àgbẹ̀, ọdẹ, oníṣòwò, àgàn àti aláìsàn ni a ń dífá fún. Ọ̀rúnmìlà fúnra rẹ̀ ń wá àyẹ̀wò, bẹ́ẹ̀ ni ẹranko àti igi. Ipò kì í gba ẹni tó kọtí ikún sí ẹbọ là.

Ìtàn Ọ̀ṣun nínú Ọ̀ṣẹ́ Òtúrá jẹ́ àpẹẹrẹ pàtàkì. Olódùmarè rán irúnmọlẹ̀ 17 wá sáyé, Ọ̀ṣun nìkan ni obìnrin láàárín wọn. Àwọn ọkùnrin 16 kò fi í kún ìgbìmọ̀, gbogbo ohun tí wọ́n dáwọ́ lé sì ń bàjẹ́. Ìgbà tí wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́ ni nǹkan tó gún. Ìtàn náà kọ́ni pé ìlú tó bá yọ obìnrin sílẹ̀ nínú ìmọ̀ràn kò lè tòrò.

Ìfiwéra

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Geoffrey Chaucer kọ The Canterbury Tales ní òpin ọ̀rúndún 14. Ó kó jagunjagun, oníṣòwò, àlùfáà àti ẹni tó ń lọ ọkà pọ̀ sínú ìrìnàjò ìsìn kan, wọ́n sì ń pa ìtàn fún ara wọn. Iṣẹ́ àti ipò ni Chaucer fi ń dá ènìyàn mọ̀. Nínú ẹsẹ̀ Ifá, ìṣòro tó gbé ẹni wá ni a fi ń mọ̀ ọ́n: àìrọ́mọbí, àìsàn, ọ̀tá tàbí àìríná-àìrílò.

Ìwúlò fún ìmọ̀ ìtàn

Iye owó ẹyọ, aṣọ àti ẹran tí a kà sílẹ̀ fún ẹbọ ń fi ọrọ̀ ajé àtijọ́ hàn. Òtúrá Méjì ní ìtàn nípa àwọn ìmàle, èyí tó fi hàn pé ewì náà ń gba ohun titun mọ́ra. Nítorí náà, kò yẹ kí a ka ẹsẹ̀ kan sí ẹ̀rí ìgbà kan pàtó.

Àkọsílẹ̀

Ajíhìnrere E. M. Líjàdù tẹ ìwé lórí Ifá jáde ní òpin ọ̀rúndún 19. Abímbọ́lá gbé apá méjì Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá jáde ní 1968 àti 1969. UNESCO kéde ètò Ifá dídá gẹ́gẹ́ bí ajogúnbá ọmọ ènìyàn ní 2005. Síbẹ̀, ohùn babaláwo kan ṣoṣo ni ìwé ń gbà sílẹ̀. Abala àárín tó yẹ kó máa yí padà láti ẹnu dé ẹnu ti dúró sójú kan nínú ìwé, nítorí náà ni àwọn onímọ̀ fi ń gba ẹsẹ̀ kan náà sílẹ̀ lẹ́nu babaláwo púpọ̀.