Iná Pupa Lórí Oríta Berkeley

Ọlọ́pàá tó bá ń ṣọ́ ìlú lálẹ́ ní Berkeley, ní ìpínlẹ̀ California, lẹ́yìn ọdún 1906, kì í gbójú kúrò lókè. Iná pupa tí wọ́n so kọ́ oríta ló ń wò. Bí ẹnìkan bá ké gbàjarè sí àgọ́ ọlọ́pàá, wọn á tan iná náà láti àgọ́. Ọlọ́pàá tó bá rí i á yà síbi fóònù tó wà nítòsí, á pe àgọ́, wọn á sì júwe ilé tí wàhálà wà fún un. Ló bá fò gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Rédíò ọlọ́pàá kò tíì dé nígbà náà.

August Vollmer ló ṣètò yìí. Lẹ́tà ló ń pín káàkiri ìlú tẹ́lẹ̀, lójú tèmi ibẹ̀ ló ti gbọ́n, torí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn kiri ló mọ bí ilé ṣe jìnnà síra. Wọ́n dìbò yàn án ṣe olórí agbófinró ìlú ní 1905. Àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ kò ju ìwọ̀nba lọ, ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣọ́ sì gbòòrò; ìdí nìyẹn tó fi kó wọn sórí kẹ̀kẹ́.

Kò pẹ́ tí èrò fi pọ̀ sí i níbẹ̀. Ní 1906 ni ilẹ̀ mì tìtì ní San Francisco lódìkejì ọ̀sà, tí iná sì jó ìlú náà. Ọ̀pọ̀ ẹni tí kò nílé mọ́ sọdá wá sí Berkeley, àwọn mìíràn ò sì padà mọ́. Ìlú tí èèyàn rẹ̀ lé díẹ̀ ní 13,000 ní 1900 ti kọjá 40,000 ní 1910.

Pẹ̀lú èrò tó pọ̀ báyìí, ẹsẹ̀ yíyá nìkan kò tó fún àwọn ọlọ́pàá. Ẹni kan ṣoṣo tó kọ́kọ́ débi ọ̀ràn gbọ́dọ̀ mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe, nítorí náà Vollmer dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún wọn ní 1908. Nígbà tó yá, mọ́tò gba ipò kẹ̀kẹ́. Vollmer ń wá ọmọ yunifásítì síṣẹ́ pẹ̀lú: Walter Gordon, ọlọ́pàá aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ níbẹ̀, ń kọ́ òfin lọ́wọ́ bó ṣe ń ṣọ́ ìlú. John Larson, ọlọ́pàá mìíràn níbẹ̀, ní tirẹ̀ ti gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ní 1921, ó ṣe ẹ̀rọ kan tó ń fa ìlà sórí bébà bí èémí àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ẹni tí wọ́n ń bi ní ìbéèrè bá ṣe ń lọ sókè sódò. Àwọn ọlọ́pàá ní ó ń mú elékèé. Ọ̀pọ̀ ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà ò tíì gbà fún wọn.