Láptọ́ọ̀pù Mẹ́rin, Láísẹ́ǹsì Kan

Ọjọ́ Sátidé kan ni bàbá mi pè mí láti Abẹ́òkúta. Wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kí n kí wọn tán. "Ọmọ mi, ẹ̀rọ yìí ti tìlẹ̀kùn mọ́ mi o. Mò ń rí gbogbo ohun tí mo kọ, àmọ́ mi ò lè fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kún un."

Kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán ni mo ti mọ ẹni tó fà á. Èmi ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Láptọ́ọ̀pù mẹ́ta ló wà nílé wa ní London: tèmi, ti ọkọ mi, àti èyí tí àwọn ọmọ wa méjèèjì máa ń jà lé lórí. Ẹ̀kẹrin ni tòkunbọ̀ tí mo fi ránṣẹ́ sí Bàbá, tí wọ́n fẹ̀yìntì padà sílé. Òun ni wọ́n fi ń kọ ìtàn ìdílé wa àti oríkì wa sílẹ̀ fún àwọn ọmọ-ọmọ wọn, torí wọ́n ti rí i pé èmi tí wọ́n bí sí ìlú òyìnbó yìí, ìlà mẹ́rin péré ni mo mọ̀ nínú oríkì tiwa.

Nígbà tí mo ra láptọ́ọ̀pù tuntun, ètò ìkọ̀wé kan bá a wá látilé ìtajà, ọdún kan ni wọ́n ti san sílẹ̀ lórí rẹ̀. Mo fi àkáǹtì mi ṣí i. Mo wá fi àkáǹtì kan náà ṣí i lórí ti ọkọ mi, lórí ti àwọn ọmọ, mo ṣe bẹ́ẹ̀ lórí ti Bàbá kí n tó fi ránṣẹ́. Nígbà tí ọdún pé, ìmeèlì wá pé kí n sanwó, mo pa á rẹ́. Mo ní mi ò lò ó tó bẹ́ẹ̀. Mi ò rántí pé ẹnì kan wà ní Abẹ́òkúta tó ń lò ó lójoojúmọ́.

Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 13, gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé a jí i lò ni?"

Ọ̀rọ̀ náà ká mi lẹ́nu. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ohun tó bá ti wọlé, ti gbogbo ilé ni. Áyọ́ọ̀nù, tẹlifíṣọ̀n, ìkòkò ńlá tí wọ́n fi ń se jọ̀lọ́ọ̀fù ọdún, ta ló ń béèrè orúkọ ẹni tó wà lórí rìsíìtì? Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbé èrò yẹn dé orí kọ̀ǹpútà. Àmọ́ sọ́fúwià kì í ṣe ìkòkò. Àṣẹ láti lò ó la rà, wọ́n sì ti kọ ẹni tàbí ohun tó ni àṣẹ náà sínú ìwé gígùn tí gbogbo wa máa ń tẹ "mo gbà" sí láì kà á.

Àpẹẹrẹ mọ́tò ló jẹ́ kó yé àwọn ọmọ mi. Ìwé mọ́tò wà, láísẹ́ǹsì awakọ̀ náà wà. Ìwé mọ́tò, mọ́tò ló ni ín. Bí ẹ bá tà á, ìwé á bá a lọ, ẹ ò lè yọ ọ́ kí ẹ fi sí mọ́tò míì. Láísẹ́ǹsì awakọ̀ ní tiẹ̀, èèyàn ló ni ín. Mọ́tò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló lè wà, àmọ́ ìyàwó ò lè fi ti ọkọ ẹ̀ wakọ̀.

Windows tó bá láptọ́ọ̀pù wá látilé ìtajà, ìwé mọ́tò ni. OEM ni àwọn oníṣòwò ń pè é. Títí dé ayé Windows 7, ẹ máa rí bébà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ, kọ́kọ́rọ́ tó ní lẹ́tà àti nọ́ńbà 25 wà lára rẹ̀. Láti Windows 8, tó jáde lọ́dún 2012, inú ẹ̀rọ gan-an, lórí motherboard, ni àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà sábà máa ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ náà sí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá nu láptọ́ọ̀pù mọ́ pátápátá, tí ẹ tún Windows irú kan náà fi sí i, á dá ara rẹ̀ mọ̀. Àmọ́ ẹ ò lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé e lọ sórí òmíràn, bí àkọ́kọ́ tiẹ̀ ti kú. Ọkọ mi ò gbà. Ó da kọ́kọ́rọ́ ara ògbólógbòó kan kọ, ó ń gbìyànjú ẹ̀ lórí èyí tuntun títí di aago méjì òru. Èmi ti lọ sùn.

Èyí tí ẹ bá rà lọ́tọ̀ fúnra yín ṣeé gbé láti orí ẹ̀rọ kan sí òmíràn, bí ẹ bá ti yọ ọ́ kúrò lórí ti tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá sì rí Windows tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lówó tí kò tó ra súyà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi owó yẹn ra súyà.

Ti ètò ìkọ̀wé ló ń da ilé rú jù, torí orúkọ wọn jọra. Office Home 2024, ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa san, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló wà fún. Microsoft 365 Personal, ẹnì kan ló ni ín, láísẹ́ǹsì awakọ̀ gan-an. Òun lè wọlé lórí ẹ̀rọ márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, àmọ́ òun nìkan ni o. Family ló jẹ́ ti ilé: èèyàn mẹ́fà, oníkálukú pẹ̀lú àkáǹtì tiẹ̀ àti ààyè ìpamọ́ 1 TB. Family Sharing ti Apple náà, èèyàn mẹ́fà ni.

Àkáǹtì tiẹ̀, mo tún un sọ. Ẹ má fún ọmọ ní password yín. Nígbà tá a jọ ń lo tèmi, ọmọ mi ọkùnrin ti rí rìsíìtì ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí rẹ̀ lọ́sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ náà.

Kí ẹ tó sanwó rárá, ẹ béèrè níléèwé àwọn ọmọ. Ọ̀pọ̀ iléèwé ló ń fún ọmọ ní àkáǹtì Microsoft tàbí Google lọ́fẹ̀ẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń parí tí ọmọ bá kúrò níbẹ̀. LibreOffice sì wà, láti 2010. Òun ni ìkòkò ńlá tí mo ń wí: láísẹ́ǹsì rẹ̀ gbà kí ẹ fi sórí kọ̀ǹpútà mẹ́wàá, kí ẹ tún fún aládùúgbò. Ó máa ń ṣí fáìlì Word, àwòrán àti tábìlì lè yẹ̀ díẹ̀ nípò, àmọ́ kò nílò dátà láti ṣiṣẹ́. Òun la fi sórí ẹ̀rọ Bàbá, lórí fóònù, láàárín wákàtí kan àtààbọ̀ tí iná lọ lẹ́ẹ̀mejì. Fáìlì wọn ṣí, gbogbo àmì ohùn pé. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá tí wọ́n fi ń kọ ọ́, inú Windows fúnra rẹ̀ ló wà, kò gba kọ́bọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kó láptọ́ọ̀pù sínú dúrọ́ọ̀mù lọ sílé, ẹ yọ àkáǹtì yín kúrò, kí ẹ sì nù ún mọ́. Windows á bá a lọ, ìwé mọ́tò ni. Àmọ́ ẹ wo irú èyí tó wà lórí rẹ̀: 14 October 2025 ni àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún Windows 10 parí. Bí ẹ̀rọ náà bá tó gba Windows 11, ọ̀fẹ́ ni ìyípadà, ẹ ṣe é kó tó kúrò lọ́dọ̀ yín.

Mo padà dá ọmọ mi lóhùn. Mo ní a ò jalè, wọ́n ti gba owó ọdún kan, àmọ́ èèyàn kan ló wà fún, àwa márùn-ún la sì ń fi orúkọ ẹnì kan ṣoṣo wọlé. Mo ní irọ́ díẹ̀ ni. Ó wò mí. "Irọ́ díẹ̀, Mọ́mì?"

Bàbá fi ojú ewé 23 ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ti dé orí bàbá bàbá wọn. Ọmọ náà fi àkáǹtì tiẹ̀ ṣí i, ó sì pe bàbá àgbà lórí fóònù: ọ̀rọ̀ kan wà lójú ewé kẹrin tí kò yé òun.