Alisa Freindlich: Òṣèré tí Búrẹ́dì Wíwọ̀n Kọ́ ní Sùúrù

Obìnrin kan wà tí mo kọ́kọ́ rí nínú sinimá, tí mo sì rò pé mo mọ̀ ọ́n, àfi ìgbà tí mo ka ìtàn èwe rẹ̀. Alisa Freindlich ni orúkọ rẹ̀, ará Leningrad ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ìlú tí à ń pè ní St. Petersburg lónìí.

Ọdún 1934 ni wọ́n bí i. Òṣèré ni Bruno, bàbá rẹ̀. Kò tíì pé ọmọ ọdún méje nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì sé ìlú náà mọ́ ní 1941. Ọjọ́ 872 ni ìsémọ́ náà gbà. Àwọn tí ó kú lé ní 600,000, ebi ni ó sì pa èyí tí ó pọ̀ jù. Nígbà tí ọ̀ràn náà le jù, gíráàmù 125 ni búrẹ́dì ọmọdé fún odidi ọjọ́ kan. Freindlich fúnra rẹ̀ ti sọ pé ìyá òun àgbà ni ó ń tọ́jú búrẹ́dì náà, tí ó ń wo aago kí ó tó fún wọn ní ẹ̀rún kékeré. Bí àkókò kò bá tíì tó, ẹkún kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n tilẹ̀ se àtè tí káfíńtà fi ń lẹ pákó jẹ.

Ọmọ náà yè. Ó parí ẹ̀kọ́ eré ṣíṣe ní 1957, ó sì wọ Tíátà Lensovet ní 1961. Igor Vladimirov, tí ó di ọkọ rẹ̀, ni olórí ibẹ̀. Bí ó ti ń ṣe ọmọdékùnrin nínú eré kan, ni ó ń ṣe obìnrin oníjà tí Shakespeare kọ nípa rẹ̀ nínú òmíràn.

Ní 1977 ni ó ṣe ọ̀gá ọ́fíìsì olójú líle nínú sinimá Ryazanov, "Sluzhebny Roman". Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ àwọn orin rẹ̀. Iye tí ó wò ó lé ní mílíọ̀nù 58. Lẹ́yìn náà, tẹlifíṣọ̀n gbé e wọ ilé gbogbo gẹ́gẹ́ bí ayaba ilẹ̀ Faransé.

Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ibi tí ó yà mí lẹ́nu nìyí. Òun àti Vladimirov kọ ara wọn sílẹ̀, ó sì fi tíátà tí ó ti jẹ́ ayaba sílẹ̀ ní 1983, ó lọ sọ́dọ̀ Tovstonogov, níbi tí àwọn òṣèré ńláńlá ti kún fọ́fọ́. Ọmọ ọdún 48 ni. Ta ni nínú wa tí yóò ti ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀ pa, kí ó lọ jókòó sí ìsọ̀ ẹlòmíràn? Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ní 1995, òun ni Lady Macbeth níbẹ̀.

Ní 2004, nígbà tí ó pé 70, ó padà sí Lensovet. Òun nìkan ni ó wà lórí ìtàgé: òun ni ìyá arúgbó, òun náà ni ọmọkùnrin tí àìsàn ń pa lọ. Ọjọ́ mélòó kan ni ó kù fún ọmọ náà, ìyá yìí sì kọ́ ọ láti ka ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sí ọdún mẹ́wàá.

Nígbà tí mo kà á, ìyá àgbà pẹ̀lú aago àti ẹ̀rún búrẹ́dì ni mo rántí. Díẹ̀ tí a bá fi ọgbọ́n pín, ó lè gbé ènìyàn dé ọ̀la.