Ṣé O Mọ̀? Ìwé Tí A Ṣì Ń Dúró Dè

Ṣé o mọ̀ pé láti oṣù keje ọdún 2011 ni àwa tá a fẹ́ràn A Song of Ice and Fire ti ń retí ìwé kẹfà? Nínú ìwé karùn-ún, àwọn ọmọ ogun Jon Snow fi ọ̀bẹ gún un, ó ṣubú sínú yìnyín, òǹkọ̀wé rẹ̀, George R. R. Martin, sì fi wá sílẹ̀ síbẹ̀. Orúkọ èyí tó kàn ti wà nílẹ̀ tipẹ́, The Winds of Winter. Ìwé gan-an la ò tíì rí.

Ṣé o mọ̀ pé tẹlifíṣọ̀n ti sáré kọjá òǹkọ̀wé? Ní 2019, Game of Thrones fi òpin hàn wá kí ẹni tó ni ìtàn tó kọ ọ́ tán. Èmi ò ka ìyẹn sí òpin. Ẹnu Martin ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ.

Ohun tó fi ń kọ̀wé ńkọ́? WordStar 4.0 ni, lórí kọ̀ǹpútà DOS àtijọ́ tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ṣàlàyé lórí tẹlifíṣọ̀n ní 2014 pé òun kò fẹ́ ẹ̀rọ tí òun á tẹ lẹ́tà kékeré sí, tí yóò sọ ọ́ di ńlá.

Ṣé o mọ̀ pé ìwé kan ṣoṣo ló fẹ́ fi ìwé kẹrin àti ìkarùn-ún ṣe? Ó tóbi jù, ló bá là á sí méjì, ó fi àwọn ẹ̀dá ìtàn kan síbí, ó fi àwọn mìíràn sọ́hùn-ún. Ìdajì kìíní jáde ní 2005. Ó ṣèlérí lẹ́yìn ìwé náà pé ìdajì kejì ń bọ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ọdún mẹ́fà ló gbà. Tyrion, ọ̀kan pàtàkì lára àwọn ẹ̀dá ìtàn náà, kò sí nínú ti 2005 rárá, nítorí náà ẹni tó bá jẹ́ pé Tyrion ló ń wá kò gbúròó rẹ̀ láti 2000 títí di 2011.

Ṣé o mọ̀ pé òǹkọ̀wé lè kú, kí ìtàn má kú? Robert Jordan bẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ ìwé The Wheel of Time ní 1990. Ní 2006 ó kéde pé àìsàn amyloidosis ti wọ òun lára, ó sì ti dé ọkàn. Kó tó kú ní oṣù kẹsàn-án 2007, ó jókòó ti àwọn ará ilé rẹ̀, ó sọ ibi tí ìtàn ń lọ fún wọn. Ìyàwó rẹ̀, Harriet McDougal, tó tún jẹ́ olóòtú rẹ̀, ló wá ẹni tí yóò parí iṣẹ́. Ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé kan, Brandon Sanderson, tó ti ń ka ìwé náà láti kékeré, kọ ọ̀rọ̀ ìdárò sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ náà dé ọwọ́ opó náà, obìnrin náà sì ránṣẹ́ pè é. Ìwé kan ni wọ́n fọkàn sí, mẹ́ta ló dà. Nígbà tí ìkẹrìnlá jáde ní oṣù kìíní 2013, ọwọ́ Jordan fúnra rẹ̀ ló kọ ìran tó kẹ́yìn.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn bàbá wa náà dúró pẹ́? Fágúnwà gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938. Ọdún mọ́kànlá kọjá kí Igbó Olódùmarè tó dé. Ẹni tó bá ń retí ìrìn-àjò mìíràn látọ̀dọ̀ Àkàrà-Ògùn, ọdẹ inú ìwé kìíní, ìtàn Olówó-Ayé, bàbá rẹ̀, ló bá níbẹ̀. Ó wù mí gan-an pé ẹ̀yìn ni Fágúnwà padà sí nígbà tí gbogbo ojú ń wo iwájú.

Òǹkọ̀wé Tomi Adeyemi, tí àwọn òǹkàwé rẹ̀ náà dúró, ńkọ́? Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí, àmọ́ Salvador ní Brazil ló ti rí àwòrán àwọn òrìṣà tó bí ìtàn rẹ̀. Ìwé kejì ìtàn náà jáde ní 2019, ìkẹta di 2024.

Ṣé o mọ̀, ní paríparí rẹ̀, pé o lè tọ́ The Winds of Winter wò? Martin ti fi orí mélòó kan síta. Orí ti Theon, ẹlẹ́wọ̀n Ọba Stannis, ni kó o fi bẹ̀rẹ̀: wọ́n so ó rọ̀ pẹ̀lú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀, Stannis ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, yìnyín ń já lulẹ̀, ogun Bolton, ọ̀tá Stannis, sì ti wà lójú ọ̀nà.