Orúkọ Oníṣẹ́ Ọwọ́: Ètò Ìpàtẹ Iṣẹ́ Ọnà ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀

Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ni ọ̀nà tí olùtọ́jú iṣẹ́ ọnà ń gbà ṣètò ìpàtẹ, pàápàá jù lọ ìbéèrè kan tí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀ nínú ètò náà: orúkọ ta ni a ó kọ sí ìdí iṣẹ́ tí a bá pàtẹ? Ní ilẹ̀ òyìnbó, ìgbà ìrúwé ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń lọ káàkiri ilé iṣẹ́ àwọn oníṣọ̀nà. Àwa kò ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀. Oṣù kẹta, nígbà tí ọyẹ́ ti kásẹ̀ nílẹ̀ tí òjò ńlá kò sì tíì dé, ni èmi máa ń rin ìrìn tèmi. Ilẹ̀ Ajégúnlẹ̀ rẹlẹ̀. Bí òjò bá ti dé, omi a máa wọ inú àwọn ìsọ̀ mìíràn.

Èbúté ni ó mú mi yan agbègbè yìí. Láti àwọn ọdún 1920 tí a ti kọ́ wọ́ọ̀fù Àpápá, ohun tí ọkọ̀ òkun bá kó dé ibẹ̀, ìbáà ṣe pákó àpótí, àpò, okùn tàbí páànù, kì í pẹ́ sọdá Boundary bọ́ sí ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Ajégúnlẹ̀, níbi tí Yorùbá, Ìgbò, Ìjọ́ àti Ùròbò ti ń gbé pọ̀.

Àwọn kan nínú ẹ̀yin olùgbọ́ mi lè sọ pé fìtílà tí a fi agolo mílíìkì ṣe kì í ṣe iṣẹ́ ọnà, pé àlòkù òyìnbó lásán ni. N kò gbà. Ẹ jẹ́ kí a wo àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Aṣọ funfun tí àwọn ìyá wa ń rẹ láró ní Abẹ́òkúta ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, láti Manchester ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Ní Ìbàdàn, ìyẹ́ adìẹ ni àwọn obìnrin fi ń ya ẹ̀kọ sí ara aṣọ. Ṣùgbọ́n ní Abẹ́òkúta, àwọn ọkùnrin a máa gé páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi tẹ́ inú àpótí tíì, wọn a dá ihò àwòrán sí i, a ó sì gba ojú ihò náà tẹ ẹ̀kọ sí aṣọ. Àpótí tíì tí ó ti òkè òkun dé wà nínú ohun tí gbogbo wa ń pè ní àṣà ìbílẹ̀ lónìí. Kí ni ó wá yọ agolo mílíìkì sílẹ̀?

Bàbá kan tí ó ń ṣe fìtílà àti àdògán nítòsí Boundary ni ó bi mí pé, "Ọ̀gá, bí ẹ bá gbé e lọ síbẹ̀, orúkọ ta ni ẹ ó kọ sí i?" Ìbéèrè náà ní ìtàn lẹ́yìn. Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn aláṣẹ British Museum fẹ́ ẹ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ìtẹ́ tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ Èkìtì ni ó gbẹ́ ẹ. Ó wà láàyè nígbà náà, 1938 ni ó kú, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ń wo ilẹ̀kùn náà kò mọ orúkọ rẹ̀. "Yorùbá" lásán ni wọ́n sábà máa ń kọ sí ìdí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, bí ẹni pé gbogbo ìran ni ó jùmọ̀ di àáké mú.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì rọrùn tó bí ó ti rí lókèèrè. Nínú ìsọ̀ bàbá yìí, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan ni ó ń gé agolo, òmíràn ni ó ń fi òjé lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ọ̀gá ni ó sì pinnu bí yóò ti rí. Bàbá ní kí a kọ orúkọ òun nìkan, nítorí òun ni ó kọ́ wọn. Èrò tèmi ni pé kí orúkọ ọ̀gá ṣáájú, kí ti àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tẹ̀ lé e. A jiyàn lé e títí. Ó gbà nígbẹ̀yìn, lórí àdéhùn pé orúkọ tirẹ̀ ni lẹ́tà rẹ̀ yóò tóbi jù.

Agolo òfìfo ni n óò gbé sí ẹ̀gbẹ́ fìtílà, kí ènìyàn lè rí ibi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé àdéhùn yóò sọ iye ọjọ́ tí a yá iṣẹ́ náà àti iye tí a ó san bí ó bá bàjẹ́, ní èdè tí oníṣẹ́ gbọ́. Bàbá ní kí a dá fìtílà òun padà kí oṣù karùn-ún tó parí, nítorí ìgbà òjò, tí iná mànàmáná máa ń lọ lemọ́lemọ́, ni àwọn tí ń tajà lálẹ́ máa ń rà á jù. Nítorí náà, ìpàtẹ náà kò ní ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ.